Ìkìlọ̀ Kọkàndínlógójì

Àǹtí Kóòdù ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àǹtí ẹnì kankan níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń jókòó sídìí tábìlì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń kọ kóòdù, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà, fún àwọn ilé ìwòsàn. Àga rẹ̀ ti tẹ̀ sápá kan, òun náà sì ti tẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ẹ bá bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni, á ní, "Ó rẹ̀ mí o, àmọ́ ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́?" Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ kì í pa ni, ó dá mi lójú pé wọn ò mọ obìnrin yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, ara rẹ̀ nìkan ló wà níbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń dá gbé ní ìlú tí ọkọ̀ ń fi odindi ọjọ́ kan rìn dé, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àǹtí Kóòdù ti ní òun ń bọ̀ tí kò lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ní ojú náà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Àǹtí ti gba ìsinmi, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Ètò tuntun kan wà tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé lọ́jọ́ kejì, èyí tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣírò iye oògùn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa lò. Ilé ìwòsàn ní àwọn ò ní gbà á bí ìkìlọ̀ kankan bá wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yẹ kóòdù wò kó tó sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, ti to ìkìlọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta kalẹ̀ gbàràmù. Alárìíwísí ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí kò sóhun téèyàn ṣe tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí.

Ẹ̀sùn kan náà ni gbogbo wọn. Nínú èdè tí wọ́n fi kọ ètò yìí, ohun téèyàn bá fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, bó ṣe wà náà ló máa wà. Àfi téèyàn bá kọ ọ̀rọ̀ kan báyìí tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ síwájú orúkọ rẹ̀, láti fún un láyè kó lè yí padà. Ìyọ̀ǹda ni Àǹtí ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí Alárìíwísí ń rojọ́ lé lórí ni pé, "O fún eléyìí níyọ̀ǹda àtiyí padà, kò sì yí padà rí. Gba ìyọ̀ǹda rẹ padà!" Kéèyàn ṣáà pa lẹ́tà mẹ́ta rẹ́, ó parí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́. Ó pa mẹ́wàá, ó yán. Ó pa ogún, ó fọwọ́ nu ojú. Ẹ̀yìn ń ro ó, tíì rẹ̀ ti tutù. Nígbà tó fi máa dé ọgbọ̀n, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, orí ti wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Alárìíwísí ti pa ẹnu rẹ̀ dé, kò sí ìkìlọ̀ ẹyọ kan mọ́. Ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Ibi tó ti fẹ́ ṣílẹ̀kùn ni ìkọkàndínlógójì ti sọ sí i lọ́kàn. Kí lorúkọ nǹkan tí mo pa ìyọ̀ǹda rẹ̀ rẹ́ yẹn? Ìwọ̀n ọmọ. Bí ọmọ ṣe wúwo tó. Alárìíwísí ní kò yí padà rí.

"Háà! Ọmọ wo ni kì í sanra, tí kì í rù?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó padà sídìí àga, ó tú kóòdù wò. Ìlà tó yẹ kó máa gba ìwọ̀n tuntun wọlé ní àràárọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ti rù kan eegun, ìwọ̀n ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n á fi ṣírò oògùn fún un, oògùn náà á sì pọ̀ jù fún un. Ta ló yọ ìlà náà? Ó wo ìwé ìtàn kóòdù, níbi tí orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan máa ń wà. Orúkọ tirẹ̀ ló rí. Oṣù méjì sẹ́yìn, níbi tó ti ń fi ìkánjú palẹ̀ mọ́, ìlà méjì jọra bí ìbejì, èyí tí kò yẹ ló yọ.

"Yéè, mo gbé!"

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó rò ó pé kóun dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ìkìlọ̀ tó ń ké, òun fúnra rẹ̀ ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, inú sì bí i sí ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀gá, ọkùnrin kan tí Àǹtí fi ọdún méje jù lọ, ó sì rò fún un látòkèdélẹ̀.

Ọ̀gá gbá orí mú. "Àǹtí mi, ó máa di ìgbà wo?"

"Ìlà kan ni mo máa kọ padà, ọ̀gá. Àmọ́ èmi àtàwọn nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tún gbogbo àyẹ̀wò ṣe. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹlòmíì ò lè bá yín ṣe é?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀gá ní òun máa kàn sí ilé ìwòsàn. Kò bú u, ì bá sì dára kó bú u.

Àǹtí jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ ló tún…"

"Mi ò bínú, ọkọ mi. Obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa mú mi lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́."

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀ ẹ́, Màámi? Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún yín."



"Lọ́jọ́ tí o sọ fún mi pé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ni."