Aṣọ Ìyá Arúgbó Tí Naliaka Fi Sílẹ̀

Inú oko ìrèké olóko, lẹ́bàá ìlú Kimilili, ni Nasambu ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú, ó wá ku òun àti Naliaka, ọmọ kan ṣoṣo. Nígbà tí Naliaka wọ ẹgbẹ́ eré ìtàgé nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ìyá arúgbó ni wọ́n ní kó máa ṣe. Nasambu fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: “Ìwọ tí o kì í lè jí láàárọ̀, ìwọ lo fẹ́ darúgbó ṣáájú mi?” Kò ráyè lọ wò ó rí. Ìrèké kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ibà ló gbé ọmọ náà lọ nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde ìwé.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Bí àwọn tó ń jáde bá ń dágbére, wọn kì í kó aṣọ eré sínú àpótí. Ẹni tó ń lọ yóò bọ́ ọ kúrò lára, yóò fi wọ àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ láìfọ̀ ọ́. Aṣọ tí a kò bá fi wọ ẹnikẹ́ni, ipa rẹ̀ nínú eré kú nìyẹn.

Abẹ́ ìrọ̀rí Nasambu ni ti Naliaka wà. Lárààárọ̀ ló ń gbé e sí imú.

Tísà Barasa, tó ń kọ́ wọn léré, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dúró sí ipò ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdágbére.

“Tísà, òórùn rẹ̀ tó wà lára aṣọ yẹn nìkan ló ṣẹ́kù fún mi. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá làágùn sí i, kí ni mo tún ní?”

“Ẹ ò jẹ̀bi, Mama Naliaka.” Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Ká ní Tísà bá a jiyàn ni, ìbá rọrùn fún Nasambu. Àmọ́ Naliaka fúnra rẹ̀, lórí ẹní àìsàn, ti ń sọ pé Nafuna, àbúrò òun nínú ẹgbẹ́, ni yóò gba aṣọ òun.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Nasambu wọ aṣọ náà lọ. Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tiro bọ̀ láàárín gbọ̀ngàn, ọwọ́ níbàdí, àwọn ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọ̀kan sọ kẹ́lẹ́ pé, “Bí Naliaka ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyí.”

Ìgbà yẹn ló tó yé Nasambu ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe lórí ìtàgé.

Ó bọ́ aṣọ náà, ó fi wọ Nafuna, ó tún ọrùn aṣọ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Nafuna gbé ọwọ́ síbàdí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ.

“Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn mí, ọmọ mi.”

“Mama, ọ̀tún ni Ẹ̀gbọ́n Naliaka ń wọ́.”

Nasambu mí kanlẹ̀. “Kó máa jẹ́ ọ̀tún, nígbà náà. Má yí i padà.”

Ó gba ọ̀nà oko ìrèké délé. Atẹ́gùn ń fẹ́ lu ọrùn rẹ̀ tí kò sí aṣọ náà mọ́.