Àsíá Pupa Tí Ọ̀gá Kò Fọwọ́ Sí

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ọkùnrin tó ń fa àsíá ní èbúté. Tí ìjì bá ń bọ̀, òun ló ń fa àsíá pupa sókè, káwọn apẹja lè rí i lójú omi, kí wọ́n tètè wálé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwé wọ ọ́fíìsì pé ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lójú òfuurufú ti rí ìjì ńlá tó máa dé lọ́sàn-án. Àbúrò bàbá tó ń fa àsíá yìí sì wà lójú omi. Bàbá náà sáré lọ bá akọ̀wé tó ń tọ́jú àsíá.

"Fún mi ní àsíá."

"Bàbá, ẹ ní sùúrù. Ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n wà ní ìpàdé."

"Ṣé ìjì náà wà ní ìpàdé ni? Ilé ń jó, ò ń wá ẹni tó máa fọwọ́ sí omi!"

Inú bí i gan-an. Ẹ̀rọ tó wà níbi tí ẹyẹ ò lè fò dé ti rí ìjì. Àwọn tó ṣe é ti ṣiṣẹ́ tiwọn tán. Kò ku nǹkan kan ju kí ẹnìkan fa okùn! Ó já àsíá gbà, ó fà á sókè.

Ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ ló gúnlẹ̀ kẹ́yìn, bí atẹ́gùn ṣe ń ṣí páànù ọ́fíìsì. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní kí bàbá kọ̀wé sọ ìdí tó fi rú òfin.

"Ẹ ní kí ẹ̀rọ òkè kọ ọ́, ọ̀gá. Òun ló kọ́kọ́ rí i."

Lálẹ́, ó jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹja díndín tí àbúrò rẹ̀ gbé wá.