Màmá Saloma Kú sí Orí Òkè Tí Wọ́n Kọ̀ Láti Fẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ bá mi forí ji ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó rí wọ́gọwọ̀gọ, àti ọ̀rọ̀ mi tí kì í tètè jáde. Kíláàsì mẹ́jọ péré ni mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tiwa. Oṣù keje rèé tí mo wọlé ọkọ, ojú sì ń tì mí láti bá àgbà sọ̀rọ̀, ká má tíì sọ pé kí n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn tí gbogbo àwa Amish, àwa onígbàgbọ́ tó ń fi ẹṣin rìn, ń kà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Màmá Saloma Gingerich ti kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo dúró kí àgbà kan kọ ọ́, n kò rí i.

Orí Òkè Kettle ló kú sí, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Oòrùn ti yọ, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ó ń ti ilé àwọn Hershberger bọ̀, níbi tó ti gbẹ̀bí ọmọkùnrin kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá góńgó òkè náà ni, Bess ẹṣin rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àpò dúdú rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Mọ́tò tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn kò lè rí ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ góńgó yẹn àfi tó bá ti dé orí rẹ̀. Lápá ọ̀tún, kòtò. Lápá òsì, kòtò. Kò sí ibi tí ẹṣin lè yà sí, kò sì sí ibi tí mọ́tò lè yà sí.

Obìnrin tó wa mọ́tò tó kọlù ú láti ẹ̀yìn ń ti iṣẹ́ bọ̀ ní ilé iṣẹ́ adìyẹ. Ó wá sílé ní ọjọ́ kejì, ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ ju pé òun ṣẹ̀ lọ. Bàbá Amos, ọkọ Màmá Saloma, ló ṣílẹ̀kùn fún un. "Wọlé, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ṣé o ti jẹun?" A ti dárí jì í, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti tán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé mi nà án.

Ṣùgbọ́n òkè ńkọ́? Ta ló ni òkè, tí a ó fi mọ ẹni tí a ó dárí jì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá ló gbà sọ́wọ́ ní àdúgbò wa, èmi náà wà nínú wọn. Bí ọmọ bá ti dé, tó ti wọ̀n ọ́n, tí ìyá ti sinmi, kì í lọ sílé. Ilé ìdáná ló máa ń wọ̀, á ká apá aṣọ sókè, á fọ gbogbo abọ́. "Ọmọ á ké fúnra rẹ̀," á ní, "abọ́ kì í fọ ara rẹ̀." Ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ó bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo sá sí nítorí ojú ń tì mí. Ó fi búrẹ́dì àti bọ́tà ápù sí mi lọ́wọ́. "Verna, jẹun o. Ọkọ lo fẹ́, o ò lọ sẹ́wọ̀n." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì lè padà wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó yà sílé wa. Ó wò mí látòkè délẹ̀ níbi kànga, ó gba garawa lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má gbé omi tó wúwo mọ́. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ ti mọ ohun tí mo ń sọ. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń ṣèlérí pé àwọn yóò fẹ Òkè Kettle. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ títì, ní ọ̀tún àti ní òsì, òkúta wẹ́wẹ́ lásán, kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè rí ibi gbà. Ìyẹn nìkan la béèrè. Àwọn ọkùnrin wa tilẹ̀ kọ̀wé pé àwọn yóò fi ẹṣin tiwọn kó òkúta náà, pé kí ìjọba kàn gbà fún wọn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dáhùn? Pé òfin kò gba aráàlú láàyè láti fọwọ́ kan títì ìpínlẹ̀. Àwọn tí kò ní ṣe é kò sì gbà kí ẹlòmíràn ṣe é.

Nígbà tó di ọdún tó kọjá, wọ́n kọ àbá òfin kan tí yóò ya owó sọ́tọ̀ fún òkè náà. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ ohùn wa ní olú-ìlú, ní ọjọ́ báyìí nínú oṣù karùn-ún, ní aago mẹ́wàá. Inú wa dùn. Bàbá Menno, alàgbà wa, lọ bá ọ̀gbẹ́ni Dwight, ará ìta tí kì í ṣe Amish, tó máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Aago mẹ́wàá la gbọ́dọ̀ débẹ̀," ni Bàbá Menno wí.

"Aago tiyín ni, Bàbá, àbí tiwa?"

"Tiwa ni. Ìgbà wo la lo aago mìíràn rí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé a kì í yí aago. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, tí àwọn ará ìta ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, tiwa á ṣì wà níbi tí oòrùn fi í sí. Dwight mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Àwọn méje ló lọ, Màmá Saloma wà níbẹ̀, ìwé tó ń kọ orúkọ ọmọ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè fi han àwọn aṣòfin iye ìgbà tó ti gba orí òkè náà kọjá. Wọ́n dé ní aago mẹ́wàá géérégé, aago tiwa. Obìnrin kan ń to àga jọ.

Bàbá Menno ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, àwa la wá sọ̀rọ̀ òkè."

"Òkè wo, Bàbá? Wọ́n ti parí. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ńlá yẹn, wọ́n jẹ búrẹ́dì wọn, wọ́n padà sílé. Nínú mọ́tò, ojú ti Bàbá Menno débi pé kò lè gbé orí sókè. Màmá Saloma ló yíjú sí i. "Menno, wákàtí kan la fi pẹ́. Àwọn tó fi ọdún mẹ́sàn-án pẹ́ ńkọ́, ṣé o rí ẹni tójú ń tì nínú wọn?"

Nínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni láti àwùjọ tí ọ̀rọ̀ kàn tó yọjú. Lórí ìyẹn ni ẹnì kan fi kálámù fa ìlà gba orí òkè wa, tó sì yọ ọ́ kúrò nínú àbá òfin náà. Mo gbà pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwa kò dákẹ́. A wá. Ṣé wọn kò mọ̀ pé aago tiwa yàtọ̀ ni? Dókítà mọ̀. Ẹni tó ń ra wàrà lọ́wọ́ wa mọ̀. Dwight tó ń wa mọ́tò mọ̀ débi pé ó béèrè. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin lé wa lórí nìkan ni kò mọ̀?

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n rí owó ṣe ní ọdún náà. Wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Òkè Kettle láti kí àwọn àlejò káàbọ̀. Kí ni wọ́n yà sí i? Kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ọkùnrin onífìlà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Títì tí wọ́n yà fún wọn fẹ̀ dáadáa. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń wò ó pé kẹ̀kẹ́ orí pátákó ní ibi tó lè yà sí, tiwa kò ní.

Wọ́n sì tún ṣòfin o. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní iná pupa tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn, wọn yóò bu owó ìtanràn lé e. Àwọn kan nínú wa ráhùn. Màmá Saloma ló kọ́kọ́ rà á. "Bí iná bá máa jẹ́ kí wọ́n rántí òkè, ẹ jẹ́ kó máa ṣẹ́jú." Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, iná náà wà ní títàn. Ọlọ́pàá tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn fa kẹ̀kẹ́ náà jáde nínú kòtò, iná náà ṣì ń ṣẹ́jú. Màmá Saloma pa òfin wọn mọ́. Òfin wọn kò pa á mọ́.

Aṣòfin àgbègbè wa wá síbi ìsìnkú. Mo ń bu kọfí fún àwọn àlejò, mo sì gbọ́ ọ nígbà tó ń bá ìyá Enos ọkọ mi sọ̀rọ̀.

"Ìyá, bí ẹ ṣe máa ń dárí jini yìí, ẹ̀kọ́ ńlá ni fún gbogbo wa."

Ìyá Enos fi ife rẹ̀ sílẹ̀. "A dárí ji obìnrin yẹn nítorí ó wá, ó sunkún, ó ní òun ṣẹ̀. Ẹ̀yin náà wá, ẹ ń mu kọfí. Ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

Ó ní ọ̀rọ̀ owó ìpínlẹ̀ kò rọrùn.

"Kò rọrùn lóòótọ́," ni Ìyá Enos wí. "Ibojì náà kò rọrùn gbẹ́. Òkúta pọ̀ níbẹ̀. À bá fi wọ́n kún títì."

Ọkùnrin náà kò mu kọfí rẹ̀ tán.

Lónìí ni ìgbìmọ̀ náà tún ń jókòó lórí àbá òfin kan náà. Aago mẹ́wàá, aago tiwọn; mẹ́sàn-án, aago tiwa. Bàbá Menno ní kí èmi bá wọn lọ, torí èmi ni mo ka ìwé ìpè náà sókè fún gbogbo ilé lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ "mẹ́sàn-án" gàdàgbà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo sọ fún Enos pé ẹnu mi kò ní lè là. Ó wo ìwé yìí lórí tábìlì. "Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè là ló kọ gbogbo eléyìí? Ka ìwé Màmá Saloma fún wọn. Òun ni yóò sọ̀rọ̀."

Bàbá Amos ló kó ìwé náà fún mi. Ọmọ Hershberger ló wà ní ìparí rẹ̀, Màmá Saloma ti kọ bí ọmọ náà ṣe wúwo tó. Mo ṣí ojú ewé tó kàn. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ "oṣù kẹwàá" sókè rẹ̀. Kò kọ orúkọ kankan. Mo mọ orúkọ tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Agbẹ̀bí mìíràn wà, ṣùgbọ́n òdì kejì Òkè Kettle ló ń gbé. Orí òkè náà ni yóò gbà wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní ìrètí, mo ní ìrètí gan-an, pé wọn yóò gbọ́ wa tí a bá débẹ̀ lásìkò. Ẹ ṣe títì náà kí oṣù kẹwàá tó dé. Kí ẹni tó fa ìlà sórí òkè wa dìde dúró lójú gbogbo wa, kí ó dárúkọ ara rẹ̀. A kì í dárí ji ẹni tí a kò mọ̀.

Dwight ti fọn fèrè mọ́tò. N ó fi ìwé yìí sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ bí a bá ń lọ. Ìyá Enos ń pè mí níta: "Verna, aago wọn kì í dúró deni o." Ohun kan ló kù. Mo fẹ́ kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá jáde, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí ẹni tó yọjú, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Saloma Gingerich wá, pé ó dúró ní ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, pé ó dé ní aago mẹ́wàá géérégé, aago tiwa.