Ọmọ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Kan Etí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fìdítì, etí ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó tó ilé ìwé lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Bí ẹ bá bi ìyá mi ìgbà tó bí mi, yóò ní ọdún tí ìjì wó igi ọsàn baba mi ni. Nítorí náà, bí ọdún bá ti yí, àwọn tíṣà á to àwa ọmọ síwájú ilé ìwé, wọn á ní kí kálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, wọn á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú agboolé wa, ọmọ àbúrò baba mi, tó fi bí ọdún méjì jù mí lọ. Ìgbà tó ń kọ́ ìrìn ni ibà líle kan mú un. Baba rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, torí pé ibẹ̀ ni oògùn òyìnbó wà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, ohun tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ibà náà lọ, ó sì mú agbára apá ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì ló kù tó fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ń fọṣọ, ó ń gbálẹ̀, ó sì mọ ọsàn bó ju èmi ọlọ́wọ́ méjì lọ. Á fi orúnkún há ọsàn náà, á máa yí i díẹ̀díẹ̀, á sì bó o tán kí n tó rí ọ̀bẹ mi.

Ọdún àkọ́kọ́ tó lọ sí ilé ìwé, apá ọ̀tún kò gbéra, wọ́n dá a padà. Ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọdún yẹn gan-an ni èmi náà lọ, ọwọ́ tèmi sì kan etí. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Aṣọ ilé ìwé tuntun ni mo ń rò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbọ́n mi á gba síléètì mi, á ní kí n sọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa. Èmi náà á wá máa ṣakọ sí i bí ọmọ ọba. Ojú ń tì mí títí dòní.

Ẹ óò ní kí ló dé tí kò gbé ọwọ́ òsì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ló lè béèrè bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìfọ́tí ló máa gbà tẹ̀ lé e. Èyí tó bá fi kọ̀wé, pàṣán tíṣà ń dúró dè é. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ rò ó.

Ọdún kẹta ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Baba ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé bí wọ́n bá tún dá a padà, òun yóò fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ìlọrà, kó máa bá a ta ọsàn lẹ́bàá títì. Ọ̀rọ̀ ìwé parí nìyẹn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí baba mi, ló mú un lọ lọ́jọ́ náà. Èmi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé kíláàsì wa.

Nígbà tó kàn án, ó fi ọwọ́ òsì gbé ti ọ̀tún ka orí, ṣùgbọ́n ó já bọ́. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò yà. Ó na ọwọ́ òsì gba orí kọjá, ọwọ́ náà bo etí mọ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tíṣà ní ọwọ́ òsì kọ́ ni òun wí, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Ni ìyá àgbà bá kọjú sí hedimásítà tó jókòó nídìí tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé ọjọ́ orí ọmọ ni ẹ ń wá, àbí ọwọ́ tó fi ń jẹun? Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ọmọ yìí, ọjọ́ kan náà ni mo gbẹ̀bí wọn."

Hedimásítà gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ gba orí, ó fi kan etí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé tíṣà kankan kò gbọdọ̀ nà án nítorí ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé. Mo pariwo ayọ̀ nínú kíláàsì, wọ́n nà mí fún un, kò sì dùn mí rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí di tíṣà. Awẹ́ ló ti fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́ méjì nínú àwọn ọmọ mi.

Ayé ti yí padà. Ìwé ọjọ́ ìbí ti wà, wọ́n ń kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sẹ́nu ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ti ṣe ojú ọ̀nà dídagẹ̀rẹ́ sí ilé ìwòsàn wa kí ẹni tí kò lè rìn má bàa dúró sí ìta. Kò tíì tó, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan ìgbà tó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ òsì òun kan etí. Ó ní, "Láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ni." Èmi náà wà lára àwọn tí kò bi í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi dé láti ilé ìwé. Ó ní ọmọ tuntun kan dé kíláàsì àwọn, igi méjì ló ń fi sábẹ́ abíyá rìn. Mo ní ṣé wọ́n ń bá a gbé àpò? Ó ní, "Rárá, Màmá. A bi í pé kí ló fẹ́ ṣe nínú bọ́ọ̀lù wa. Ó ní kípà." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ tí odidi agboolé wa kò rí sọ fún ọdún mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti sọ ọ́ kó tó bọ́ bàtà.