Ọjọ́ Tí N Kò Dáhùn Nídìí Ọ̀pá Irin

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa fi aṣọ bo imú, tí wọ́n ti ọjà pa tí iṣu fi rà mọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú Tápà lọ́wọ́, ọdún tó tẹ̀ lé e ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lẹ mọ iye tí wọ́n ń pè é. Èmi ò mọ̀ ju pé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àgbàdo ti dé orúnkún, ojú ọkọ mi sì ti ń kú lọ.

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, n ò mọ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wa lọ́rì ẹ̀gẹ́, ó wa bọ́ọ̀sì láti Èrúwà sí Ìbàdàn. Nígbà tí àgbà dé, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń wọn ilẹ̀ káàkiri Ìbàràpá nítorí títì tí wọ́n fẹ́ là. Ọ̀gá yìí kì í sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ ilé fún un: ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, ilé ìtọ̀ kékeré wà lẹ́yìn, tábìlì tó fi ń kọ̀wé wà lójú fèrèsé. Ilé onítáyà làwọn ará Igbó-Ọrà ń pè é. Bí wọ́n bá dé ìlú kan, wọ́n á gbé e sábẹ́ igi fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ọ̀gá á sì máa fi píkọ́ọ̀pù wọ inú igbó lọ wọn ilẹ̀.

Tó bá di ọjọ́ àtilọ sí ìlú mìíràn, wọn kì í wa ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n á fi ọ̀pá irin so píkọ́ọ̀pù mọ́ ìdí ilé onítáyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà nílẹ̀, kò ní sí èèyàn kankan nínú rẹ̀, á kàn máa tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà.

Ìsokọ́ra yẹn ní òfin tirẹ̀. Gíà píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wà ní fíríì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bíréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀, kí wọ́n sì yí i díẹ̀, nítorí bí o bá yọ ọ́, sítíárìn á tì pa, ẹsẹ̀ iwájú kò ní yí mọ́ bí ọ̀nà bá kọ́rọ́. Ṣéènì méjì á gba abẹ́ ọ̀pá kọjá ara wọn, tí ọ̀pá bá já kó má baà gún ọ̀dà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni píìnì, irin kan tó nípọn tó àtàǹpàkò, tó gba inú ihò ọ̀pá kọjá. Òun ló di gbogbo rẹ̀ mú. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ò so nǹkan kan.

Ọ̀gá ní awakọ̀ gbọ́dọ̀ pe gbogbo rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó tan ọkọ̀. Ọkọ mi á pè é, èmi á dáhùn.

"Ọ̀pá?"

"Ó ti wọlé."

"Píìnì?"

"Ó wà nínú ihò, ẹnu rẹ̀ ti dé."

"Gíà?"

"Fíríì ló wà."

Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe pè é títí dé iná ẹ̀yìn. Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń sọ pé àwa méjèèjì ń kì í bí ìjálá.

Ẹ ó béèrè pé kí ni èmi arúgbó ń wá nídìí ọkọ̀. Ọkọ mi ló bẹ ọ̀gá pé kó gbà mí ní alásè. Ọ̀gá rò pé nítorí oúnjẹ ni. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ. Ojú ọ̀tún ọkọ mi ti lọ tán. Ti òsì ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ọmọdé bá ń yọjú láti inú ihò ọ̀pá ìbẹ́pẹ ni: ó ń rí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kì í rí ti ẹ̀gbẹ́. Ó ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn níkọ̀kọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń kán sójú, wọ́n ní èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, wọ́n sì ní kó má wakọ̀.

Ìdílé ọdẹ ni wọ́n ti bí i, Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ ojú yìí fún mi, ó yọ kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù, ó ní kí n fi ahọ́n kàn án. Mo fi ahọ́n kàn án. Mo ní ẹnu mi ò ní sọ ọ́ fún ọ̀gá, kò ní sọ ọ́ fún ọmọ, kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi irin búra tó sì yẹ̀ ẹ́, ọ̀nà kì í gbà á mọ́. Àwa sì rèé, inú irin là ń sùn, inú irin là ń sè, inú irin là ń jẹ.

Bí ọkọ̀ bá wá ń lọ, èmi á jókòó ti ọkọ mi níwájú, ẹnu mi ò ní sinmi. Màá ní, "Ẹ wo àwọn màlúù yìí lọ́tùn-ún, wọ́n mà ti rù o." Màá ní, "Ọlọ́kadà tó di igi ìdáná yìí, ṣé kò ní pa ara rẹ̀ lósì níbí?" Ọkọ mi á fi ohùn mi darí ọkọ̀. Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn nídìí ìwé rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ilé iṣẹ́ rédíò ló yẹ kí wọ́n gbà yín sí."

Ọkọ mi á ní, "Ọ̀gá, ibi tí wọ́n ti ń pa rédíò yìí ni mo ti ń wá láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, n ò rí i."

A ó rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín èmi kì í dénú.

Lọ́jọ́ kan, láàárín Lanlate sí Èrúwà, ibà gbé mi. Orí ń fọ́ mi, mo fi í ti fèrèsé, oorun sì gbé mi lọ. Etí títì làwọn obìnrin ìhà ibẹ̀ ń sá láfún sí, nítorí ọ̀dà máa ń gbóná, kì í jẹ́ kó bu. Igbe ló jí mi. Nígbà tí mo lajú, funfun ló bo gbogbo gíláàsì. Ọkọ mi ti wọ inú láfún ọwọ́ ọ̀tún, ìhà tí kò ti ríran. Mo wo díńgí ẹ̀gbẹ́. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ti ṣubú sẹ́bàá gọ́tà. Ilé onítáyà ti kọjá rẹ̀, ó rò pé ó tán, ó fẹ́ dìde. Kò mọ̀ pé òmíràn tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Táyà píkọ́ọ̀pù gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọ̀gá béèrè láti ẹ̀yìn pé kí nìyẹn. Ọkọ mi ní kòtò ni.

Obìnrin yẹn dìde. Kò ṣépè. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ wá a lára, ẹsẹ̀, apá, ọrùn, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Àwọn méjèèjì funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀nà kọ́rọ́, n ò rí wọn mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Èrúwà, mo ń bẹ iṣu lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń pọ́n àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá fúnra yín."

Ó ní iṣẹ́ ìhà ibí ku oṣù mẹ́ta péré, tó bá ti parí, òun á fi ẹsẹ̀ ara òun sọ̀ kalẹ̀. Mo wá sọ ti obìnrin yẹn fún un. Kò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. Láfún nìkan ló mọ̀ pé òun gùn. Àdá dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó kú?"

"Kò kú."

"Kí lo wá ń bá mi fà sí?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "O fi ahọ́n kan irin, Ìyá Ìbejì. N ò gbàgbé, kí ìwọ náà má gbàgbé."

N ò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ọ̀gá gba ìsinmi ilé ìwé, wọ́n sì dé láti Ìbàdàn, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Bàbá wọn ti ṣèlérí pé wọ́n á bá ilé onítáyà lọ sí Tápà. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ àtilọ ni wọ́n ti ń fò lórí ibùsùn, ọkọ̀ ń mì. Èmi ń fọ abọ́, ọmọ inú láfún yẹn ni mo ń rí.

Ọkọ mi jáde lọ so ọkọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó gbé ọ̀pá sójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ihò, ó ti píìnì. Píìnì gba ẹ̀gbẹ́ ihò, ó bọ́ sínú koríko, kò dún. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Èmi ni mo máa ń mú un nílẹ̀, tí mo máa ń fi í síbẹ̀, tí màá sì ní ó ti wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí i, n kò nawọ́.

"Ọ̀pá?"

"Ó ti wọlé." Òótọ́ ni.

"Píìnì?"

N kò dáhùn.

"Ìyá Ìbejì, píìnì?"

Ọ̀gá dé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló ṣe rédíò lónìí. Lẹ́yìn náà ló wolẹ̀, tó rí píìnì nínú koríko. Ó mú un. Ó kọ́kọ́ wò ó, ó wo ọkọ mi, ó sì gbé píìnì sókè sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún ọkọ mi, ó sún mọ́ ọn débi pé ojú á ṣẹ́ bó bá ń ríran.

"Bàbá Ìbejì, píìnì ńkọ́?"

Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. "Ó wà nínú ihò, Ọ̀gá. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Àwọn ọmọ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń béèrè bóyá ó ti tó àkókò. Èmi ni ọ̀gá kọjú sí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé gbogbo màlúù àti ọlọ́kadà tí mo ti ń kà sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan wá ń padà wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá, láti ìgbà wo?"

Omi ń bọ́ lójú mi. N kò la ẹnu.

Ìgbà tí ọkọ mi gbọ́ ìbéèrè yẹn ló mọ̀ pé píìnì kò sí nínú ihò. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì wá inú koríko. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ tì í, ó fi píìnì lé e lọ́wọ́. Ó dì í mú.

Ọ̀gá kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó tú píkọ́ọ̀pù, ó fi gbé wa lọ sílé ní Igbó-Ọrà lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi jókòó níwájú tì í, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn láàárín ìkòkò.

Ọdún méjì ni ọkọ mi tún lò láyé. Iwájú ilé ló ń jókòó, á máa gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, á máa sọ gíà tí awakọ̀ rẹ̀ fi í sí. Kò tún ní kí n bá òun wo nǹkan kan mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ wá a. Bí mo bá ní òkúta wà lọ́nà, á dúró títí n óò fi lọ, kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló mẹ́nu kàn án. Ó ní, "Ẹnu rẹ mọ́. Ọwọ́ rẹ mọ́. N ò mọ èyí tí o fi pa mí níbẹ̀."

Títí dòní, n ò mọ̀ bóyá Ògún ka ìdákẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀.

Ohun tó sọ fún àwọn ìbejì wa ni pé ọ̀gá lé òun láìṣẹ̀, ìyá wọn sì dúró níbẹ̀, kò gbèjà òun. Èyí obìnrin nínú wọn ń bá mi sọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí. Èyí ọkùnrin, tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, kò fẹnu kan oúnjẹ mi fún ọdún kan gbáko. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ti búra.

Ìgbà tó kú, tí ìjọ́ kẹjọ kọjá, tí ẹni tí mo búra fún ti wọlẹ̀, mo pe àwọn méjèèjì jókòó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe rò ó fún yín yìí, ti láfún, ti obìnrin àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin gbé ojú sílẹ̀. Ó béèrè pé kí ló dé tí n kò sọ fún àwọn nígbà tó wà láàyè. Mo ní bàbá yín wakọ̀ títí ó fi darúgbó, kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ máa fi ìyẹn rántí rẹ̀. Mo ní irú ojú tó ní yẹn, wọ́n ní ó máa ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ yẹ tiyín wò. Bí ẹ̀gbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn fún ẹnì kan nínú yín, kó má pe aya tàbí ọkọ rẹ̀ wá fi ahọ́n kan irin. Kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.