Ọdún Tí Wọ́n Dá Mi Padà sí Kíláàsì Kẹrin

Mo ṣì kéré nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Omifunfun ni à ń gbé. Bàbá mi ń ṣe oko kòkó, ìyá mi ń din àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ilé-ìwé abúlé wa kò ju kíláàsì kẹrin lọ. Ọmọ tó bá parí níbẹ̀, Odigbo ló ń lọ, bí àwọn òbí rẹ̀ bá rí ẹni tí yóò gbà á sílé. Àwọn òbí tèmi rí, torí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé ibẹ̀.

Mo yege ìdánwò. Tíṣà wa, tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ní lẹ́yìn Kérésì ni òun yóò kọ káàdì tí a ó fi wọ ilé-ìwé tuntun. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé gbogbo máàkì tí ọmọ kan gbà láti kíláàsì kìn-ín-ní, inú ìwé ńlá kan ló wà, nínú àpótí ọ́fíìsì. Kò sí níbòmíràn. Nígbà ọyẹ́ yẹn, ẹnìkan dáná sun oko rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé iná náà wá sórí ilé-ìwé wa tí wọ́n fi koríko bò. Kí àwọn àgbà tó gbé omi dé, ilé-ìwé àti ìwé ńlá náà ti jóná tán. Ìjọba sì gbé tíṣà wa lọ sí ọ̀nà jíjìn, a kò mọ ibi tí a ó ti rí i.

Bàbá mi mú mi lọ sí Odigbo. Ọ̀gá ilé-ìwé ibẹ̀ gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní kí a mú káàdì wá. Bàbá mi ń fi ẹ̀ka èdè wa, Ìkálẹ̀, ṣàlàyé, ọ̀gá ń fi Yorùbá inú ìwé dá a lóhùn. Ó ní bí kò bá sí káàdì, kí n kó àwọn ìwé tí mo fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì kẹrin wá, èyí tí tíṣà ti máàkì. Inú mi dùn! Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú agbọ̀n nílé: ìwé ìṣirò, ìwé àròkọ, ìwé tí mo ya oríṣiríṣi ewé sí.

Nígbà tí a padà délé, agbọ̀n náà ti ṣófo. Mo pariwo pe ìyá mi. Ó jáde wá, ẹ̀wà lílọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀.

"Àwọn tó ti kún yẹn? Mo fi di àkàrà ni. Mo rò pé o ti kà wọ́n tán."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Kò mọ̀wé. Lójú tirẹ̀, ìwé tó ti kún dà bí èèpo tí a ti bó kúrò lára ẹ̀wà. Nígbà tó rí ojú mi, ó sáré lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń ṣa bébà nílẹ̀. Ewé ìwé kan ṣoṣo ló mú bọ̀, epo sì ti rin ín débi pé a kò lè ka nǹkan kan lára rẹ̀.

Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní Ore. Wọ́n ní kó padà wá. Ó padà lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ àwọn, kó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.

A tún dé iwájú ọ̀gá. "Ẹ bi mí ní ìṣirò, sà," ni mo wí. Ó bi mí, mo dáhùn. Ó fún mi ní ìwé kíláàsì karùn-ún, mo kà á geerege. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò ìjọba tó ń bọ̀ kò ní bi ọ́ ní ìṣirò. Ìwé ni yóò béèrè lọ́wọ́ mi."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá náà kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó sáré gbé e dìde, omi sì lé ròrò lójú òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá mi padà sí kíláàsì kẹrin níbẹ̀. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo ga jù, mò ń ka ohun tí mo ti mọ̀. Ọdún tí mo parí kíláàsì kẹfà gan-an ni òjò ba kòkó bàbá mi jẹ́, kò sí owó, ọ̀nà sẹ́kọ́ńdìrì sì dí mọ́ mi. Àwọn tó fi ọdún kan ṣáájú mi ti wọlé.

Láti ìgbà náà, ewé ni ìyá mi ń fi di àkàrà. Kàlẹ́ńdà àtijọ́, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, bébà tí wọ́n fi di oògùn, gbogbo rẹ̀ ló ń kó sínú àpò. A sọ títí pé wọn kò wúlò. Yóò ní, "Ta ló mọ̀?"

Ayé ti yí padà. Inú fóònù ni máàkì àwọn ọmọ yín wà báyìí, wọ́n ní iná kò lè jó o. Láìpẹ́ yìí, mo tẹ̀lé ọmọ ọmọ mi lọ sí ilé kọ̀ǹpútà ní Ore, ó fẹ́ tẹ èsì ìdánwò rẹ̀ jáde kó lè fi wọ yunifásítì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wá a títí, ó ní òun kò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà ń làágùn. Nígbà tiwa, ó kéré tán, ènìyàn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ta ni kí n lọ bẹ̀.

"Kò sí ẹni tí ẹ máa bẹ̀, Màmá àgbà. Ẹ̀rọ ni. Ẹ jókòó."

Mo sì jókòó.