Ìràwọ̀ Bàbá Wa Tó Di Mẹ́ta

Ọdún tí wọ́n gé Kogi yọ lára Kwara àti Benue ni bàbá wa relé. Bí ìjọba ṣe ń pín ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń pín ogún ní Iyara. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fi sílẹ̀, ìdí-igi mẹ́ta ni a sì fi pín ohun ìní rẹ̀: oko kọfí, yàrá, ẹwù, títí dórí àdá. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé pín, èyíinì ni ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà, mẹ́dà tí òyìnbó fi kọ́ bàbá láyà nígbà tó ti ogun Bọ́mà dé.

Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo sì dá àbá. Mo ní kí a gbé ìràwọ̀ náà lọ bá asúdẹ kan ní Ogidi, kí ó ṣe irú rẹ̀ méjì sí i, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Àwọn àgbà yìn mí. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni ìyá, èwo ni ọmọ. Àgbà ni í kọ́kọ́ mú nínú ogún. Mo gbé wọn wò lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mú èyí tó wúwo jù. N kò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé mi: ojúlówó ni mo rò pé mo mú, inú mi sì dùn.

Ó tó bí ọdún mẹ́wàá kí ọ̀rọ̀ náà tó ta jáde. Àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì, tó ti fi ìlú òyìnbó ṣe ilé, kọ lẹ́tà sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Kabba ló tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Àbúrò mi ti gbé ìràwọ̀ tirẹ̀ sí gbàǹjo kan lórí ayélujára, níbi tí àwọn tó ń kó ohun ogun àtijọ́ jọ ti ń rajà. Kò pé ọjọ́ méjì tí àwọn onímọ̀ fi bò ó bí eṣú: ayédèrú ni, gbájúẹ̀ sì ni ẹni tó gbé e wá.

Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ di ojúlówó mú, ẹ wá jẹ́ kí n gbé ayédèrú kọjá òkun láti lọ fi í gba orúkọ olè. N ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí."

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí tèmi bá jẹ́ ojúlówó, mo ti rẹ́ àbúrò mi jẹ. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú, ìdọ̀tí idẹ lásán ni mo ti ń gbé káyà níwájú àwọn sójà ní Lokoja lọ́jọ́ ìrántí àwọn ológun láti ọdún wọ̀nyí wá. Síbẹ̀, nítorí orúkọ mi, mo gbàdúrà pé kí ohun ìní mi má níyì.

Àwọn àmì tí a fi ń dá ayédèrú mọ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Mo yọ ìràwọ̀ lápò, mo gbé awò ojú mi wọ̀, obìnrin náà sì ń kà á fún mi.

"Bàbá, wọ́n ní òǹtẹ̀ ni wọ́n fi lu ojúlówó, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ máa ń mú ṣáṣá."

"Tèmi kò mú."

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ní ihò wínníwínní bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà."

"Ó ní."

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì fá etí rẹ̀."

"Wọ́n fá tèmi bí orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ."

Ó wò mí lójú. "Ẹ kú oríire, bàbá. Àbí ẹ kú ẹ̀dùn ni kí n wí?"

"Wí méjèèjì."

Ó kù síbì kan. Ojúlówó ní láti wà lọ́wọ́ àbúrò wa obìnrin, ọmọ ìyàwó kẹta, tó wà nílé ọkọ ní Iffe. Mo wọkọ̀ lọ. Àárín ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni mo ti bá ìràwọ̀ bàbá wa.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. "Láti ọdún tó kọjá, ẹ kò wá wo bí mo ṣe ń jẹun. Ìràwọ̀ lẹ wá wò."

Mo sọ ọ̀rọ̀ gbàǹjo náà fún un, mo sì yẹ ìràwọ̀ rẹ̀ wò. Ihò wà lára rẹ̀, wọ́n sì fá etí tirẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ta wá ni olè nínú wa?"

Àwa méjèèjì jọ lọ sí Ogidi. Asúdẹ ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fín ẹwìrì rẹ̀. Mo bi í pé, "Bàbá, ojúlówó ìràwọ̀ tí mo gbé fún yín dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ yín."

"Èwo nínú mẹ́ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó fi ẹwìrì sílẹ̀. "Mo fi amọ̀ gba àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yọ́ òun fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi kan tó ti bàjẹ́, mo sì dà á sí ọ̀nà mẹ́ta."

"Méjì sí i ni mo ní kí ẹ ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí. Bí mo bá dá ti òyìnbó sí, ẹnì kan nínú yín yóò jogún bàbá, àwọn méjì yóò jogún ẹ̀rọ omi. Ṣé pípín nìyẹn?"

Àbúrò wa obìnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èyí tó wúwo tí ẹ̀gbọ́n mú ńkọ́?"

"Mo da idẹ díẹ̀ lé tirẹ̀. Àkọ́bí ní láti rí nǹkan yàn."



Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun: kò sí olè láàárín wa, ìdá kan nínú mẹ́ta ojúlówó ni olúkúlùkù ní. Àbúrò mi gbé àlàyé náà lọ fún àwọn onígbàǹjo. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kò ní àyè fún ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n ní ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ó yọ ọjà rẹ̀ kúrò. Lẹ́tà tó kọ sí mi lẹ́yìn náà gùn, ó kún fún ìdọ̀bálẹ̀, ó sì fi ẹ̀bẹ̀ kan parí rẹ̀: kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí ẹbí gbọ́ pé ó fẹ́ ta ìràwọ̀ bàbá wa ní gbàǹjo.

Mo ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àbúrò wa obìnrin ti sọ ọ́ láti Iffe dé Iyara.